Àdúgbò Tí Kò Fẹjọ́ Sùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n ti gbé mi jókòó bí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yìí. Àga ọ̀gá tó kúrò ga jù fún mi, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mo bá fi ìwé ńlá méjì ṣe àpótí ìtìsẹ̀. Ife tíì ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, tíì ọ̀hún ti gbẹ mọ́ ìdí ẹ̀. Ó jọ pé ọkùnrin náà ò dúró mu ún tán.

Alága àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Màdáámú, oṣù mẹ́ta la ní. Tí oṣù karùn-ún bá parí, tí àwọn tó ń já láìnì wa sílẹ̀ bá ṣì pọ̀ ju àwọn tó ń wọlé lọ, a máa ta gbogbo ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá tí à ń bá du oníbàárà." Ilé-iṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tiẹ̀, kò nílò tiwa. Àwa 214 la wà níbí. Mo ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Mo lọ kí Bàbá Òpó, olórí àwọn ẹnjiníà wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbí, òun ló gun òpó àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí gbé nàró. Ó mú mi lọ síwájú ògiri kan tí wọ́n to iná wẹ́wẹ́ sí, iná kan fún òpó kan. Gbogbo ẹ̀ ló tàn ní àwọ̀ ewé. Ó ní, "Ọmọ mi ni gbogbo wọn, mà. Ara wọn le." Mo ní tí ara wọn bá le tó báyìí, kí ló wá ń lé àwọn èèyàn lọ? Ó ní èèyàn ò moore ni.

Mo fi síìmù wa rán àbúrò mi sí Màmá. Mo ní kí wọ́n yọ ti ilé-iṣẹ́ ńlá jù nù. Kò yẹ kí ọmọ máa ta láìnì kí ìyá ẹ̀ máa lo ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Mo dé yàrá ẹ̀sùn. Ìyá Ẹ̀sùn ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń darí ibẹ̀, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, àmọ́ ohùn ẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ ẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gba èébú létí, tí wọ́n ń fi "ẹ má bínú" dáhùn. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ẹ̀sùn á ro ẹ̀sùn àdúgbò kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àdúgbò tí ariwo ẹ̀ bá pọ̀ jù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá Òpó máa kọ́kọ́ lọ tún ṣe lọ́jọ́ Ajé. Bátìrì tó ń gbé òpó ró tí iná bá lọ, dísù tó ń lọ sínú jẹnẹrétọ̀ wọn, gbogbo ẹ̀, ariwo la fi ń pín in.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ẸNI TÓ BÁ DÁKẸ́, TARA Ẹ̀ Á BÁ A DÁKẸ́. Mo yìn wọ́n gan-an. Mo ní ilé-iṣẹ́ tó bá ń gbọ́ igbe oníbàárà ẹ̀ ò ní kú láéláé. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Dísù tún gbówó lórí. Eruku ń bo tábìlì kí n tó nù ún tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Àárín ìlú, lẹ́bàá ibùdókọ̀, ni ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ̀sùn 140 lọ́sẹ̀ kan péré! Ibẹ̀ náà ni ilé Alága wà, ó sì máa ń pe èmi fúnra mi. Bátìrì tuntun á tó oṣù mẹ́rin kó tó dé. Oṣù mẹ́rin kẹ̀, nígbà tí wọ́n fún mi ní mẹ́ta!

Mo bi Bàbá Òpó pé àdúgbò wo ló dákẹ́ jù. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Òdìkejì odò, mà. Ó ti lé lóṣù kan, ẹ̀sùn ẹyọ kan ò tibẹ̀ wá." Bátìrì mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nídìí òpó kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó méjì-méjì wá sí àárín ìlú.

Ó ní, "A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, mà, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń mú."

Mo ní a ò ráyè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo buwọ́ lu ìwé, inú mi sì dùn, torí pé iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn. Òdìkejì odò ni Màmá ń gbé. Mo ní tí nǹkan bá ṣe láìnì wọn, ṣebí wọ́n á pè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Mo pe Màmá nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lánàá àti lónìí. Fóònù wọn wà ní pípa. Bí inú bá ń bí wọn, wọ́n máa ń pa á. Ọkọ mi ní kí ni mo tún ṣe fún wọn. Mi ò mọ̀ o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Ẹ̀sùn ti já láti 520 sí 380. Alága fúnra ẹ̀ pè, ó ní ohùn ìyàwó òun já gaara. Mo ra búrẹ́dì fún gbogbo yàrá ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé iye àwọn tó já wa sílẹ̀ wá. Ó fi igba èèyàn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, iye yẹn náà ni. Ẹ̀sùn ń dín kù, èèyàn ń lọ. Irú kí lèyí? Ẹni tí inú ẹ̀ dùn kì í kẹ́rù.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Mo gbéra lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọ́n ń ju òkúta ibẹ̀ nù bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń jù nù.

Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ká ní mo ti kú, àwọn alájọgbé ni wọn ì bá sin mí."

"Màmá, mo pè yín pè yín. Ẹ pa fóònù."

"Ta ló pa fóònù? Ìwọ tó o ní kí n ju síìmù mi nù, tó o fún mi ní òkú!"

Wọ́n gbé fóònù fún mi. Síìmù wa ló wà nínú ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, àmì ẹ̀ ẹyọ kan ò yọjú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì gbọ́ ohùn wa, ó jáde. Ó ní ó ti ju ọdún kan lọ tí láìnì wa máa ń kú ní aago mọ́kànlá àárọ̀ lójoojúmọ́ ní àdúgbò náà. Àmọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán ló ti ń kú. Òun ti lọ ra ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Gbogbo òpópónà náà ti lọ rà á.

Inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò pe nọ́ńbà ẹ̀sùn?"

Màmá ò ṣa ẹ̀wà mọ́. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Kí n fi kí ni pè é?"

Nọ́ńbà ẹ̀sùn wa, orí láìnì wa nìkan ló ti ń wọlé. Láàárọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀sùn. Ẹni tí láìnì ẹ̀ bá kú tán, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà sọ pé ó kú? Àdúgbò tó dákẹ́ jù ló bàjẹ́ jù. Èmi ni mo sì lọ kó bátìrì méjì-méjì níbẹ̀, mo tún ra búrẹ́dì fi yọ̀.

Mo sọ fún Màmá pé ọwọ́ mi ni. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀, kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Bàbá Òpó kò gbà. Ó ní, "Ẹ wo ògiri, mà. Àwọ̀ ewé ni." Mo bi í pé aago mélòó ni ògiri ń wò wọ́n. Ó ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, bí wọ́n ṣe tò ó látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Tó bá tún wò wọ́n lọ́sàn-án ńkọ́?"

Ó tún ògiri wò. Òru ni iná ìjọba máa ń dé òdìkejì odò, bátìrì á mu ún yó, ara òpó á le ní aago mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó tún padà bi í pé báwo lara, lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní ká jọ lọ.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Èmi àti Bàbá Òpó kọjá odò. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òpó kí wa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wá kí òkú." Ó ní òun sọ fún ẹni tó ń gbé dísù wá, onítọ̀hún ní iṣẹ́ dísù ni wọ́n rán òun.

Bàbá Òpó wọ inú ilé bátìrì. Àyè mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ṣófo, eruku ti yí ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ká. Ó bọ́ fìlà.

Ó ní, "Èmi ni mo kó o."

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ kó o."

"Rárá, mà. Ẹ ò tíì dé nígbà tí mo ti ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ó fẹ́ pe ọ́fíìsì pé a ti débẹ̀. Ó fa fóònù tó fi ń lo láìnì wa yọ, láìnì ti kú. Ló bá rọra ti ọwọ́ bọ àpò kejì, ó fa òmíràn jáde. Láìnì ilé-iṣẹ́ ńlá! Mo wò ó, ó wò mí. Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ búsẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú, torí pé nínú báàgì tèmi náà, irú ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo kó gbogbo wa jọ. Mo ṣojú abẹ níkòó: bátìrì òdìkejì odò ń padà sí àyè wọn, gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀sùn á máa wọlé láti orí láìnì èyíkéyìí. Ògiri á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn òpó ní wákàtí wákàtí. Mo sì fi láìnì kejì mi sórí tábìlì níwájú wọn, mo ní kí àwọn náà fi tiwọn síbẹ̀. Tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Tí ìyàwó mi bá wá mi tí kò rí mi ńkọ́?" Mo ní kó fẹjọ́ wa sùn.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Bátìrì ti kúrò ní àárín ìlú, ariwo sì ti bẹ́. Ògiri yí padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná pupa mẹ́tàdínlógójì ló yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bàbá Òpó ò lè wò ó, ó ní ó jọ ojú ẹni tí àrùn ṣẹ́yọ lára ẹ̀.

Alága pè. Kò pariwo, ohùn ẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. "Màdáámú, ẹ kó nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún, ẹ gbé e fún ẹni tí kò bèèrè. Ẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sà. Làpálàpá ni ó ń yún wa. Ẹ̀tẹ̀ kì í dunni."

Ó ní oṣù kan àtààbọ̀ ló kù, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin

Iye àwọn tó já wa sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ló pọ̀ jù láti ọjọ́ tí mo dé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kó má bàa jẹ́ pé mo pa á mọ́: tí mo bá ṣì í, èèyàn 213 máa bá mi ru ẹrù àṣìṣe mi, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ń bẹ nínú wọn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi káàárọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mi ò lè jẹun. Ọkọ mi, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò, gbé àwo kúrò níwájú mi, ó jókòó. Ó ní, "Nígbà tí mo bá bèèrè pé ta ni kò yé, ọmọ mélòó lo rò pé ó máa ń nawọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣirò kún tèmi."

"Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yé ló máa ń nawọ́. Ẹni tí kò yé rárá ò mọ ohun tó fẹ́ bèèrè. Èmi ni mo máa ń dìde lọ bá a nídìí tábìlì."

Mo bi í pé ṣé wọ́n máa ń yege níkẹyìn. Ó ní àwọn kan. Irú èèyàn wo ni mo fẹ́ yìí, tí kò lè purọ́ díẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀! Àmọ́ mo fa àwo padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́. Iná òpó méjì di pupa lórí ògiri, wọ́n padà sí àwọ̀ ewé kó tó di ọ̀sán.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi fún Ìyá Ẹ̀sùn. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní nígbà tí èèyàn bá ń ra síìmù, ó máa ń kọ nọ́ńbà ìbátan kan sílẹ̀. Gbogbo ìwé yẹn wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní kí àwọn èèyàn òun mọ́kànlá pín ara wọn sí méjì: kí márùn-ún máa gba ẹ̀sùn, kí mẹ́fà máa pe àwọn tó dákẹ́ lórí nọ́ńbà ìbátan wọn. "A ò ní jókòó de ẹ̀sùn mọ́, a máa lọ bá a nílé." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sókè.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹrin

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè bú wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìyá Ẹ̀sùn ní èébú náà dára, gbogbo ohun tó bàjẹ́ ló wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù karùn-ún

Ẹ̀sùn mọ́kànlélọ́gọ́ta láti òdìkejì odò! Mọ́kànlélọ́gọ́ta, ní ibi tí òdo ti wà tẹ́lẹ̀! Ìyá Ẹ̀sùn gbé ìwé náà wá bá mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ohùn ń já, ohùn ń pẹ́, ẹnì kan ní òun gbọ́ ohùn ara òun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń lo láìnì wa, wọ́n sì ń bínú sí i. Mi ò mọ̀ pé èébú lè dùn létí báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù karùn-ún

Bàbá Òpó ti kọjá odò ní ìgbà mẹ́fà. Ó tún jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ṣe fúnra ẹ̀, ó sì pín dísù ní tuntun: òpó tó bá dákẹ́ lọ́sàn-án ló máa kọ́kọ́ rí. Ní àárín ìlú, ó yí ojú ẹ̀rọ tó wà lórí òpó kan sí ibi tí èrò pọ̀ sí, ariwo ibẹ̀ já sí ìdajì láìsí bátìrì kankan. Mo ní kí ló dé tí kò ṣe é látọjọ́ yìí. Ó ní kò sẹ́ni tó fún òun láyè ronú, ariwo ni òun ń sá tẹ̀ lé kiri.

Lónìí mo rí i nínú yàrá ẹ̀sùn, ó dúró lórí àga, ó mú báírò ńlá lọ́wọ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá dákẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Ẹ LỌ BI Í. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ burú, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù karùn-ún

Àwọn tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì fi mẹ́jọ ju àwọn tó wọlé lọ. Mẹ́jọ péré. Mẹ́jọ!

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù karùn-ún

Ọ̀la ni mo máa jíhìn fún àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Mo lọ ṣe irun.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù karùn-ún

Àwọn márùn-ún ló jókòó. Alága gbé awò ojú wọ̀, ó ka ìwé mi. "Ẹ̀sùn jẹ́ 380 lọ́sẹ̀ kan nínú oṣù kẹta. Lọ́sẹ̀ yìí, ó jẹ́ 1,140. Màdáámú, ṣé àtúnṣe lẹ̀ ń pe èyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn bí mo ṣe kó bátìrì, mi ò fi ohunkóhun bò. Mo sọ ohun tí Màmá bi mí. Mo ní láti ọdún kan ó lé ni a ti ń ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìtẹ́lọ́rùn, tí à ń kó nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò lè kígbe. Mo ní kí wọ́n ṣí ojú ewé kejì.

Alága ṣí i. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún, àwọn tó wọlé fi èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ju àwọn tó já wa sílẹ̀ lọ.

Ó ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Mo ní, "Ẹ sọ pé kí àwọn tó ń wọlé pọ̀ jù, sà. Ẹ ò sọ pé mélòó."

Wọ́n ní kí n jáde. Bàbá Òpó wà lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó di fìlà ẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo jókòó tì í. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Alága fúnra ẹ̀ ló jáde. Ó wo Bàbá Òpó, ó wò mí. Ó ní wọn ò ní tà á, ó kéré tán títí ọdún á fi parí. Ó tún ní, "Ẹ wá nǹkan ṣe sí ilé mi o. Ìyàwó mi ń pariwo."

Bàbá Òpó dé fìlà. Ojú ẹ̀ tutù, tèmi náà tutù. Mo lọ bá obìnrin tó ń gbálẹ̀, mo sọ fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Fóònù dún, mo rò pé Alága ni. Màmá ni, lórí síìmù tí mo fún wọn.

Wọn ò kí mi. "Ìwọ, ohùn tèmi ń dún nínú láìnì yín bíi pé inú ìkòkò ni mo wà."

Mo ní, "Màmá, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀sùn."

"Mo ti pè é! Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò fẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ ni mo wá fẹjọ́ wọn sùn fún."

Mo wo aago ara ògiri. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aránṣọ, wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n tún padà sórí ọ̀rọ̀ òkú tí mo fún wọn lóṣù kẹta. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n bú mi títí aago fi lu méjìlá, láìnì náà ò sì já.